Ọ̀làjú nínú Ewì Yorùbá: Ọ̀nà Méjì tí Ààlà Là

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ẹrù rẹ̀ wúwo ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ: ọ̀làjú. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Kí ojú ènìyàn là ni, kí ó rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti ìjọba òyìnbó ti dé, ọ̀rọ̀ náà ti di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn. Ẹni tó mọ̀wé, tó ń wọ aṣọ òyìnbó, tó ń sùn lábẹ́ òrùlé páànù, òun ni wọ́n ní ojú rẹ̀ là. Ẹni tí kò ní ìkankan nínú wọn, ará oko ni. Bàbá tó mọ oríkì ìdílé mẹ́wàá lórí wá di ẹni tí ojú rẹ̀ kò là, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ a-b-d sì di ọ̀làjú. Àwọn akéwì kò gba ìdájọ́ yìí bẹ́ẹ̀. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni wọ́n ti ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, tí wọ́n ń bi í léèrè pé ojú tó là, kí ló fẹ́ máa wò?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn akéwì ilẹ̀ mìíràn. Ní Íńdíà àti ní Iran, àwọn tó ń fi èdè Urdu àti èdè Páṣíà kéwì ti fi gbogbo agbára wọn rò ó bóyá ìlà-oòrùn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwọ̀-oòrùn tàbí kó kọ̀ ọ́. Ohun tó ya ti Yorùbá sọ́tọ̀ ni pé ààlà kan gba àárín àwọn tó ń sọ èdè náà kọjá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú apá ìlà-oòrùn, àwọn Faransé mú apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì fi ìwé àdéhùn 1889 àti ti 1898 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní apá kan, ewì Yorùbá wọ inú ìwé, ó sì bá ọ̀làjú jà lórí pépà. Ní apá kejì, níbi tí Bantè, Lougba àti àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ Savalou wà, wọn kò jẹ́ kí èdè náà fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ẹnu nìkan ni ewì rẹ̀ sì kù sí.

Inú orin ìsìn ni ewì Yorùbá ti kọ́kọ́ wọ ìwé lọ́nà tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó gba òmìnira tó sì kàwé ní Sierra Leone, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì, tí wọ́n sì ń túmọ̀ orin láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bíbélì kò ní ìṣòro orin. Ẹni tó ń kà á lè fi ohùn tó bá ọ̀rọ̀ mu kà á. Orin ni wàhálà wà.

Yorùbá jẹ́ èdè tí ohùn ń pín ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn nìkan ló sọ ọ̀kan di ẹni tó gbé obìnrin níyàwó, tó sọ ọ̀kan di irin tí a fi ń ro ilẹ̀, tó sọ ọ̀kan di ohun tí a ń wọ̀ rìnrìn-àjò, tó sì sọ ìkẹrin di ohun ìjà. Nínú ìjálá tàbí rárà, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń darí orin. Bí ọ̀rọ̀ bá wálẹ̀, orin á bá a wálẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì gbé orin tí wọ́n ti dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀ ní ègé-ègé. Níbi tí orin bá ti gòkè, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wálẹ̀ á gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Bí akọrin bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ Nóà, tí orin sì gbé ègé kejì sókè, ọkọ́ ni etí ìjọ yóò gbọ́. Àlùfáà á máa wàásù ìkún omi, ìjọ á máa kọrin irinṣẹ́ oko. Àwọn tó ń kọrin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ni kò rí i gbá mú. Bẹ́ẹ̀, nítorí àgbàlagbà náà gan-an ni wọ́n ṣe túmọ̀ orin.

Ìpalára yìí jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ó kọ́ ìran méjì tàbí mẹ́ta pé ewì tó níyì ni èyí tí ohùn rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ọmọ ilẹ̀ ló tún un ṣe. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá olórin, dá orin ìsìn tó tẹ̀ lé ohùn Yorùbá, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní 1953, T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Èkó, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí orin Yorùbá, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ bí orin ṣe gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá ń wá ibi tí Yorùbá ti kọ́kọ́ rí ojútùú sí ìjà ọ̀làjú, inú àwọn orin wọ̀nyí ni kó wá a. Wọn kò kọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọn kò sì gbà kí ṣọ́ọ̀ṣì yí èdè wọn po.

Orúkọ ènìyàn pẹ̀lú jẹ́ ojú ogun kan. Ní 1894, pásítọ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀ sí David Brown Vincent pa orúkọ náà tì, ó di Mọjọlá Àgbébí, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Emmanuel Olympus Moore ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó di Àjàyí Kọ́láwọlé Ajíṣafẹ́, orúkọ yìí sì ni ó wà lórí ìwé ewì rẹ̀, Aiyé Àkámarà, tó jáde ní 1921. Kristẹni ni àwọn méjèèjì, wọn kò sì yí padà kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó ṣe ohun tó yani lẹ́nu jù lọ ní ìgbà náà ni Sóbọ̀ Aróbíodu, Ẹ̀gbá bíi ti Ajíṣafẹ́. Josiah Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ àròfọ̀ sínú ìwé, ó ń yin ìgbàgbọ́, ó ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀, ó sì ń gba ará ìlú níyànjú. Ṣùgbọ́n àrùngbè, orin awo Orò, ni ó gbé gbogbo rẹ̀ lé. Ẹni tó mọ Orò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Awo ọkùnrin ni Orò. Bí ó bá jáde, obìnrin á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Sóbọ̀ mú ohùn tí obìnrin ń sá fún, ó tẹ̀ ẹ́ sí pépà, ó sì fi sí ọwọ́ obìnrin àti ọmọdé tó mọ̀wé. Kò sí ìwàásù kan tó lè sọ bí ayé ti yí padà tó bí ìwé kékeré yẹn ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ pé ẹni tó gba ìgbàgbọ́ kò ní láti gba ohùn ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Dénrelé Ọbasá gba ọ̀nà mìíràn. Òǹtẹ̀wé ni ní Ìbàdàn, láti 1924 ló sì ń tẹ ìwé ìròyìn The Yoruba News. Ó kó òwe, oríkì àti ọ̀rọ̀ àgbà jọ, ó pín wọn sábẹ́ àkòrí, ó fi tirẹ̀ kún un, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé mẹ́ta, ní 1927, 1934 àti 1945. Nínú ayé ẹnu, òwe kì í dá dúró. Ọ̀rọ̀ ló ń pè é. Nínú ìwé Ọbasá, òwe tò sí ìlà bí ọmọ ilé-ìwé, lábẹ́ àkòrí tó sọ ohun tí ó wà fún. Ọgbọ́n náà jẹ́ ti Yorùbá, àgbékalẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti òyìnbó. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ohun gbogbo ayé ló kó jọ. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí kò bá kó o jọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ì bá ti bá àwọn tó mọ̀ ọ́n wọlẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni J. F. Ọdúnjọ, ẹni tó kọ ìwé ilé-ìwé Aláwìíyé. Ewì rẹ̀ lórí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí oògùn ìṣẹ́ ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ewì tí ọmọ Yorùbá tó lọ sí ilé-ìwé ní Nàìjíríà mọ̀ sórí jù lọ. Ó so ọgbọ́n àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìwé láìjẹ́ kí ọ̀kan gún èkejì. Nígbà tí ìjọba ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, irú ìwé báyìí ti wà nílẹ̀ de àwọn ọmọ náà ní èdè ìyá wọn.

Ní Íńdíà, ìjà náà bẹ̀rẹ̀ lójú àwọn tó ti ní ìwé tipẹ́. Ní 1837, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ èdè Páṣíà kúrò ní kóòtù àti ní iṣẹ́ ìjọba, ìmọ̀ tí ìdílé fi ń jẹun láti ìran dé ìran kò sì tà mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ kọ́ ti òyìnbó: Sayyid Ahmad Khan dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Aligarh ní 1875, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Altaf Hussain Hali sì tẹ ewì gígùn kan jáde ní Urdu ní 1879, tó fi dárò bí àwọn Mùsùlùmí ti rẹ̀yìn. Akbar Allahabadi, tí a bí ní 1846, kò fara mọ́ wọn. Ó fi ewì fi àwọn tó ń ṣe bí òyìnbó ṣẹ̀sín, ó ń ki ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ inú ìlà Urdu kí etí lè gbọ́ bí kò ṣe bára mu. Síbẹ̀, adájọ́ ni lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ kàwé ní ilẹ̀ wọn. Kì í ṣe àgàbàgebè. Ẹni tí omi gbé dé àyà ló mọ bí odò ti jìn tó.

Muhammad Iqbal ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi gíga jù. A bí i ní Sialkot ní 1877, ó kàwé ní Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Munich pẹ̀lú iṣẹ́ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Páṣíà. Ó kéwì ní Urdu, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ewì rẹ̀ ni ó kọ ní Páṣíà, kí ohùn rẹ̀ lè kọjá Íńdíà. Ní 1819, Goethe, akéwì Jámánì, ti tẹ ìwé ewì kan jáde lẹ́yìn tó ka ewì Hafez, ará Shiraz. Ní 1923, ọdún 104 lẹ́yìn náà, Iqbal fi ìwé tirẹ̀ dá Goethe lóhùn, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí a rán láti ìlà-oòrùn. Ohun tó ń sọ ni pé ìwọ̀-oòrùn ní ọpọlọ àti ẹ̀rọ ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti gbẹ nínú rẹ̀, ìlà-oòrùn sì ti sùn lọ kúrò nínú ara rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì wá gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Ní Iran, tí òyìnbó kò fi ìjọba jẹ lé lórí, ọ̀rọ̀ náà wá korò sí i. Jalal Al-e Ahmad tẹ ìwé kan jáde ní 1962 tó fi pe ìfarawé òyìnbó ní àìsàn, ó sì fi í wé kòkòrò tó ń jẹ ọkà láti inú títí èèpo nìkan á fi kù. Yorùbá náà mọ kòkòrò yẹn. Wọ́n ní èyí tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìfiwéra yìí, ibi tí kò bára mu sì ni ẹ̀kọ́ náà wà. Nígbà tí Iqbal ń bá ìwọ̀-oòrùn jiyàn, ó dúró lórí ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́sàn-án. Akéwì Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Irinṣẹ́ ẹni tó ń bá jiyàn gan-an ni ó yá láti fi jiyàn, lẹ́tà a-b-d, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, rédíò. Ìyàtọ̀ kejì ni pé fún Iqbal, ìlà-oòrùn ni ilé. Fún Yorùbá, ibi tí Mùsùlùmí kọjú sí bó bá ń kírun ni ìlà-oòrùn, láti ibẹ̀ sì ni àjèjì kan ti wá kí ti òkun tó dé. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ìjíròrò náà níhìn-ín, Yorùbá, Ìsìláàmù àti òyìnbó, kì í ṣe méjì.

Ẹni tó fi èyí hàn kedere ni Lánrewájú Adépọ̀jù, tó kú ní 2023. Orí rédíò ní Ìbàdàn ni ohùn rẹ̀ ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, lẹ́yìn náà ni ó ń gbé ewì rẹ̀ jáde nínú àwo àti kásẹ́ẹ̀tì. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà tí àwọn ọ̀dọ́ kó láti ọ̀dọ̀ òyìnbó, ó sì bá àwọn olóṣèlú wí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó fi ń wọn ohun gbogbo, ìbọ òrìṣà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìbáwí rẹ̀. Ó kọ ọ̀làjú òyìnbó, kò sì padà sí ìdí òòṣà. Ẹni tó bá fẹ́ pín ewì Yorùbá sí apá àṣà àti apá ọ̀làjú, kò ní rí ibi tí yóò fi Adépọ̀jù sí.

Ní apá kejì ààlà, ìjọba ìbílẹ̀ Bantè wà ní àárín gbùngbùn Benin, ní ẹ̀ka Collines tí wọ́n yọ lára Zou ní 1999. Títì tó ti Savalou lọ sí Djougou gba inú rẹ̀ kọjá. Lougba jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Pira, Gouka, Akpassi, Agoua, Koko, Bobè, Atokolibé àti Bantè fúnra rẹ̀. Ìṣà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ̀ka kan nínú ìdílé èdè Yorùbá. Ní Savalou, ìlú àwọn ọba Gbaguidi, Máhì ló pọ̀ jù, àwọn tó ń sọ Ìṣà àti Ifẹ̀ sì wà ní àwọn ìlú àyíká rẹ̀. Oko iṣu àti kajú ni ilẹ̀ náà.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní 1925 gbà pé kí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fi èdè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé, Faransé kò gbà bẹ́ẹ̀. Èdè Faransé nìkan ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi kọ́ni, àpérò Brazzaville ní 1944 sì tún fi òǹtẹ̀ lù ú pé èdè ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì. Bí wọ́n ti ń mú òfin náà ṣẹ nìyí. Olùkọ́ á mú nǹkan kan, bóyá igi, eegun tàbí ìkarahun, á so okùn mọ́ ọn. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fẹnu ba èdè ilé ni wọ́n á fi kọ́ lọ́rùn. Kò ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ lẹ́nu ọmọ mìíràn, nígbà náà ni yóò gbé e fún onítọ̀hún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá parí ni yóò jẹ ìyà. Ìyà náà kọ́ ni ó burú jù. Ohun tó burú jù ni pé gbogbo ọmọ ń ṣọ́ ẹnu ara wọn, tí ẹ̀gbọ́n ń dúró de àbúrò kí ó ṣèèṣì pe ìyá rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Kò tán pẹ̀lú òmìnira ní 1960. Ní ilé-ìwé púpọ̀ ó tún bá a lọ.

Èso rẹ̀ ni pé ní Dahomey, bí wọ́n ti ń pe Benin nígbà náà, kò sí ilé ìtẹ̀wé bíi ti Ọbasá, kò sí ìwé bíi Aláwìíyé, kò sì sí ìdánwò tí ewì Yorùbá ti lè yọ. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń yìn káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ kò ní akéwì kan tí ọmọ ilé-ìwé Bantè lè kà ní èdè rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀bùn ìkọ̀wé fi Faransé kọ̀wé. Paul Hazoumé, ọmọ Porto-Novo, tẹ Doguicimi jáde ní 1938, ìtàn àròsọ lórí ààfin Dahomey. Paulin Joachim, tí a bí ní Cotonou, kéwì ní Paris.

Ní Paris yẹn ni ìdáhùn àwọn tó ń sọ Faransé ti hù. Ní àwọn ọdún 1930, Léopold Sédar Senghor láti Senegal, Aimé Césaire láti Martinique àti Léon Damas láti Guyane bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní Négritude: pé dúdú kì í ṣe àbùkù, pé Áfíríkà ní ọgbọ́n, orin àti ìrònú tirẹ̀. Ewì gígùn Césaire lórí pípadà sílé kọ́kọ́ jáde ní 1939. Senghor kó ewì àwọn akéwì dúdú jọ sínú ìwé kan ní 1948. Wọ́n fi èdè tí wọ́n fi dójú tì wọ́n sọ pé ojú kò tì wọ́n. Iṣẹ́ akọni ni. Wọlé Ṣóyínká, tó dàgbà ní ibi tí Yorùbá ti wà nínú ìwé ilé-ìwé, kò rí ìdí fún un. Ní àwọn ọdún 1960, ó sọ pé ẹkùn kì í kígbe pé òun jẹ́ ẹkùn, ńṣe ni ó ń fò mọ́ ẹran. Ọ̀rọ̀ náà mú, ṣùgbọ́n kò ṣe déédéé sí àwọn tí wọ́n ti fi okùn kọ́ nǹkan sí lọ́rùn ní kékeré. Ẹkùn tí wọ́n ti sọ fún láti ọmọdé pé ajá ni, ó ní láti kọ́kọ́ kígbe.

Ṣùgbọ́n Négritude kò dé abúlé. Ìwé Senghor, Faransé ni. Ìyá àgbà tó ń ki ọmọ ní Lougba kò lè kà á. Ìjíròrò tirẹ̀ lórí ọ̀làjú ń lọ níbòmíràn: nínú oríkì, nínú ẹsẹ Ifá, nínú orin òkú àti orin ọdún. Ní Kétu, ní gúúsù ìlà-oòrùn Benin, Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré eégún tí wọ́n fi ń yin àwọn ìyá, ti gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, akọrin á bọ́ sí gbangba, á yin àwọn ìyá, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin bu ẹni tó yẹ ní bíbú, yálà olórí ìlú ni tàbí ẹni tó ti òkè òkun dé. Lórí igi tí wọ́n gbẹ́ fún eégún náà, ojú ènìyàn wà nísàlẹ̀, ó tutù, ó farabalẹ̀. Lókè orí ni ayé wà: ejò àti ẹyẹ, àwọn alágbàro pẹ̀lú ọkọ́ wọn, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kẹ̀kẹ́, alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ òfurufú, òyìnbó pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Agbẹ́gilére kò sá fún ọ̀làjú, kò sì forí balẹ̀ fún un. Ó gbé e ka orí bí ó ti ń gbé ohun mìíràn, kí ará ìlú lè rí i dáadáa. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá ayé ní 2001.

Savalou ní ti tirẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́sítì ni ọdún iṣu tuntun níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú sì ń ti Cotonou àti òkè òkun bọ̀ wálé fún un. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọ Kátólíìkì ń ṣe àjọ̀dún ìgbàsókè Màríà, tí ìjọba sì ti iṣẹ́ pa. Ilé kan náà lè gbọ́ Máàsì ní òwúrọ̀, kí ó sì fi iṣu tuntun bọ àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Kàlẹ́ńdà méjì pàdé lórí ọjọ́ kan, orin méjèèjì sì ń dún nínú ìlú kan.

Ìjọba ológun tó dé ní 1972 ló kọ́kọ́ mú èdè àwọn ará ìlú bíi nǹkan gidi. Ó fi wọ́n kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, ó sì fi ọwọ́ sí alífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè ní 1975. Òfin àgbékalẹ̀ ti 1990 sọ nínú abala 11 pé gbogbo àwùjọ ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè wọn, kí ìjọba sì mú wọn dàgbà. Síbẹ̀ ààlà tún yọ nínú lẹ́tà. Ohun tí Nàìjíríà ń kọ ní ẹ àti ọ, ɛ àti ɔ ni Benin ń kọ ọ́. Olùkọ́ Bantè tó bá ṣí ìwé Ọbasá rí èdè tó mọ̀ nínú aṣọ tí kò mọ̀. Nǹkan kékeré ni, wákàtí kan tó láti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ti tó láti mú kí ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún láti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn dà bí ti àlejò ní ilé ìbátan rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Ní apá Nàìjíríà, ohun tí Sóbọ̀ rò nípa ọ̀làjú wà lórí pépà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè kà á, kó sì bá a jiyàn. Ohun tí àwọn akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀ rò ní Bantè àti ní Lougba, nígbà tí ọmọ ogun Faransé kọ́kọ́ dé, orí àwọn àgbà ló wà tí ó bá ṣì wà. Ẹni tó bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé kò ní láti dúró de ìjọba. Kó gbé fóònù rẹ̀ sí ìtòsí, kó jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá náà ki oríkì ìdílé rẹ̀ tán láìdá a lẹ́nu, kó kọ orúkọ ẹni tó kì í, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ó sì fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, yálà ẹ ni ó fi kọ ọ́ tàbí ɛ.